Alhaja kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, South Carolina la sì ń lọ: kí la máa rí jẹ níbẹ̀?

Ìyá Wúràọlá, Maryland

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kó tó di ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Èmi, ọkọ mi, àwọn ọmọ méjì àti ìyá ọkọ mi, Alhaja, la jọ ń wakọ̀ láti Maryland lọ sí Ọ̀yọ́túnjí, abúlé Yorùbá tó wà lẹ́bàá Sheldon ní South Carolina. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí bàbá àwọn ọmọ ti ń sọ pé òun máa mú wa débẹ̀. Alhaja kọ́kọ́ ní kí ni àwọn fẹ́ lọ ṣe níbi tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà. Ìgbà tí wọ́n gbọ́ pé ọmọ Amẹ́ríkà ló tẹ ìlú náà dó ní 1970, tó sì jọba níbẹ̀, wọ́n ní àwọn máa lọ fojú ara àwọn rí i.

Oúnjẹ ni wàhálà mi. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ ọkọ mi, ọmọ bíbí South Carolina, ti júwe ilé oúnjẹ kan fún un nínú ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí títì I-95. Ó ní tá a bá kọjá láìjẹun níbẹ̀, a ò tíì dé South Carolina. Ó fi àwòrán ìwé oúnjẹ wọn ránṣẹ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rí gbá mú. Grits, collards, hash, bog, hushpuppies. Wọ́n wá kọ "meat and three" gàdàgbà sókè. Three kí ni?

Alhaja kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, wọn kì í fẹ́ kí òórùn rẹ̀ kan imú àwọn. Ọmọ ọdún 71 ni wọ́n, ìtọ̀ ṣúgà sì ń yọ wọ́n lẹ́nu díẹ̀. Láti oṣù tí wọ́n ti Ìbàdàn dé, oúnjẹ òde tí wọ́n fara mọ́ kò ju ẹyin àti ẹja díndín lọ. Ẹ gbà mí.

Kòńkò, Houston

Ẹ se jọlọ́ọ̀fù sínú kúlà. Ó tán.

Ìyá Wúràọlá

Ọkọ mi ti ní kò sí kúlà oúnjẹ tó máa wọ mọ́tò òun mọ́. Ọjọ́ tá a lọ sí Orlando, ọbẹ̀ dà sórí àga ẹ̀yìn, òórùn ẹja gbígbẹ ò kúrò nínú ọkọ̀ títí di Kérésì. Ẹ wá òmíràn.

Ẹ̀gbọ́n Adé, Columbia

Àǹtí, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Ọdún kẹrìndínlógún mi rèé ní South Carolina, ẹ jẹ́ kí n mú un látorí ìbéèrè yín.

"Meat and three" túmọ̀ sí ẹran kan, oúnjẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta, owó kan. Ẹ máa yan ẹran kan nínú bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n sè lọ́jọ́ náà, ẹ ó wá yan mẹ́ta nínú ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀fọ́. Ẹ fura sí ọ̀rọ̀ "ẹ̀fọ́" yẹn o. Makaróní tí wọ́n fi wàràkàṣì sè, ẹ̀fọ́ ni lọ́dọ̀ wọn. Ìrẹsì, ẹ̀fọ́ ni. Mo ti dé ibi tí wọ́n ti ka ápù tí wọ́n fi ṣúgà sè mọ́ ẹ̀fọ́. Wọ́n á fi búrẹ́dì àgbàdo tàbí biscuit kún un. Biscuit ọ̀hún kì í ṣe bísíkíìtì inú páálí tá a mọ̀ nílé. Búrẹ́dì kékeré rírọ̀ ni, gbígbóná fẹlifẹli, bọ́tà ni wọ́n ń fi sí i.

Ní ti ẹlẹ́dẹ̀, èyí tó hàn sójú kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Ti inú ẹ̀fọ́ ni. Collards jẹ́ ewé fẹ̀ǹgẹ̀ kan tó le díẹ̀, wọ́n máa ń sè é fún wákàtí gígùn pẹ̀lú egungun ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi èéfín yan. Ohun tí panla àti edé ń ṣe nínú ẹ̀fọ́ rírò wa ni egungun yẹn ń ṣe níbẹ̀. Ẹ̀wà wọn, bákan náà. Ìrẹsì pupa wọn, tòmátì ni wọ́n fi ń sè é, tẹ́ ẹ bá rí i ẹ máa rò pé àbúrò jọlọ́ọ̀fù ni, ẹ ò sì ṣìnà, ṣùgbọ́n bẹ́kìn, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀, ló sábà máa ń wà nísàlẹ̀ ìkòkò.

Tẹ́nìkan bá sọ "barbecue" níbí láìfi orúkọ ẹran kankan kún un, ẹlẹ́dẹ̀ ló ń sọ. Kì í ṣe sùyà. Hash burú ju ìyẹn lọ, torí kò jọ ẹlẹ́dẹ̀ rárá: wọ́n á se ẹran náà títí á fi yọ́ mọ́ra, wọ́n á wá dà á sórí ìrẹsì. Lójú, ó dà bí gbẹ̀gìrì tó ki. Alhaja máa nawọ́ sí i kíá. Ẹ tètè dí wọn lọ́wọ́. Bog ni adìyẹ àti ìrẹsì tí wọ́n jọ sè papọ̀ tó rọ̀ mùkẹ̀mukẹ. Adìyẹ ni wọ́n máa pè é fún yín, wọn ò ní dárúkọ sọ́séèjì ẹlẹ́dẹ̀ tó wà nínú rẹ̀.

Èyí tí mo máa ń fún àlejò tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀: ẹja àrọ̀ díndín, tàbí country fried steak. Orúkọ ìkejì yìí máa ń da àwọn èèyàn rú. Ẹran màlúù ni, wọ́n lù ú pẹlẹbẹ, wọ́n yí i ní fúláwà, wọ́n dín in bí ẹni dín adìyẹ, wọ́n da ọbẹ̀ funfun kan lé e. Kẹ́ ẹ sọ fún wọn kí wọ́n gbé ọbẹ̀ funfun náà wá lọ́tọ̀, torí nígbà míì ọ̀rá sọ́séèjì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ fi makaróní, kábéèjì tútù gígé àti tòmátì tí wọ́n gé bíríkítí kún un.

Sìsì Agbáwo, Georgia

Iṣẹ́ tí Bọ̀dá Adé ń júwe yìí ni mò ń ṣe. Ọdún kẹfà mi nìyí tí mò ń gbé àwo fún èèyàn nínú ìlú kan tí kò ní ju iná ojú títì kan lọ. Mo fẹ́ sọ ohun tí ẹni tó jókòó sórí àga kì í mọ̀.

Àǹtí, ẹ má béèrè pé "ṣé ẹran wà nínú ẹ̀fọ́ yìí?" Mo ti gbọ́ tí ẹlẹgbẹ́ mi dáhùn pé "rárá, mà," kò sì parọ́ lójú ara rẹ̀, torí ọ̀rá bẹ́kìn kì í ṣe ẹran lọ́kàn tirẹ̀. Ó dà bí ẹni ń ka Mágì mọ́ ẹran. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè ni pé "kí lẹ fi sè é?" Tí ọmọ náà bá ṣe wò-ó, ẹ ní kó wọ kíṣìnì lọ bi ẹni tó dáná. A kì í bínú sí i. Àwọn ibi kan ti fi ẹlẹ́dẹ̀ sílẹ̀, ọrùn tọ̀lótọ̀ló yíyan ni wọ́n fi ń se ẹ̀fọ́ báyìí, pàápàá níbi tó bá jẹ́ àwọn èèyàn dúdú ló ń dáná.

Ẹ kúkú pe ibẹ̀ lórí fóònù kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni kẹ́ ẹ pè. Ẹni tó bá pè wá lọ́sàn-án gangan, a máa gbé fóònù sílẹ̀ fún un ni.

Ẹ wo aago yín o! Ọ̀pọ̀ irú búkà yìí, láti aago mọ́kànlá sí aago méjì tàbí mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n fi ń ṣí, wọn kì í ṣí lálẹ́. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tí àgbàlagbà kan ní "dinner," oúnjẹ ọ̀sán ló ń sọ. "Supper" ni tirọ̀lẹ́. Ọ̀gá mi ti já àlejò jù sílẹ̀ torí ọ̀rọ̀ yìí rí: wọ́n ní kó wá fún dinner, ó dé ní aago mẹ́fà, a ti fọ ilẹ̀ tán. Oúnjẹ tó bá tán, wọ́n á pa á rẹ́ lára pátákó. Ilá díndín ló máa ń kọ́kọ́ tán. Ọjọ́ Àìkú tí ìsìn bá parí, ká sọ òótọ́, ogun ni. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì àti àwọn Onítẹ̀bọmi máa ń sáré du ara wọn dé ẹnu ọ̀nà wa. Ẹ dé kí ìsìn tó jáde, tàbí kẹ́ ẹ dúró síta pẹ̀lú àwọn yòókù.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ẹ forí jì mí. Owó iṣẹ́ àwa agbáwo lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ jẹ́ dọ́là 2.13 fún wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ ló sì wà láti 1991. Lórí ìwé, ọ̀gá gbọ́dọ̀ fi kún un tí owó tí àlejò fún wa kò bá mú un dé 7.25. Owó tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ lórí tábìlì ni owó oṣù wa. Ogún dọ́là nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ. Ìdílé kan láti ilé wa jẹ 90 dọ́là lọ́dọ̀ mi, wọ́n fi dọ́là mẹ́ta sílẹ̀, wọ́n wá gbàdúrà fún mi pé màá di ọ̀gá. Mo ṣe àmín. Ó dùn mí ṣá.

Kòńkò, Houston

Dọ́là mẹ́ta àti àdúrà 😂 Mo mọ irú àwọn èèyàn yẹn. Bàbá mi wà lára wọn.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn, Birmingham

Kò sẹ́ni tó tíì kìlọ̀ fún Àǹtí nípa iṣu.

Ẹ gbọ́. Oṣù kejì mi ní Alabama, ebi iṣu ń pa mí kú lọ. Mo wọ ilé oúnjẹ kan, mo rí i lára pátákó: "candied yams." Mi ò ka ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ rárá, yams ni mo rí. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ìlọ́po méjì. Mo tiẹ̀ béèrè ẹyin díndín mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n gbé wá ni kúkúndùkú, pupa rúsúrúsú, tó ń wẹ̀ nínú omi ṣúgà àti bọ́tà, tí wọ́n fi igi olóòórùn kan tí wọ́n ń pè ní sinamọ́nì sí. Mo wo obìnrin náà, obìnrin náà wò mí. Mo ní "iṣu dà?" Ó ní "òun nìyẹn, baby."

Kò sí iṣu tiwa nínú irú búkà yìí, Àǹtí. Orúkọ nìkan ló rìnrìn àjò. Àwọn baba ńlá wọn tí wọ́n kó lẹ́rú mọ iṣu, wọn ò rí i níbẹ̀, wọ́n rí kúkúndùkú, wọ́n sì fi orúkọ náà pè é. Ẹ sọ fún Alhaja kí wọ́n má lọ ní ìrètí.

Ó dùn o. Ṣùgbọ́n ẹ pè é ní oúnjẹ ìparí.

Nọ́ọ̀sì Títí, Baltimore

Mo fẹ́ fi ẹnu sí èyí nítorí ìtọ̀ ṣúgà Alhaja. Kúkúndùkú oníṣúgà yẹn kò dára fún wọn, ṣùgbọ́n tíì ni kẹ́ ẹ ṣọ́ jù. Lápá ibẹ̀, tẹ́ ẹ bá kàn ní "tíì," èyí tó tutù, tó kún fún yìnyín, tí ṣúgà ti yọ́ sínú rẹ̀ láti orí iná ni wọ́n máa gbé wá. Ó dùn ju Fáńtà lọ lẹ́nu tèmi. Ife tó tóbi bíi kọ́ọ̀bù ìwẹ̀ ni, wọ́n á sì máa dà á kún un lọ́fẹ̀ẹ́ láìbéèrè, ẹ ò ní mọ iye tí Màmá ti mu. Ẹ sọ pé "unsweet" kẹ́ ẹ tó jókòó dáadáa.

Ẹ̀ẹ̀kan sí i. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan funfun rírọ̀ tí wọ́n tò sórí kúkúndùkú náà, tí iná ti pa ojú rẹ̀ dà, marshmallow ni. Jẹ́látìnì wà nínú rẹ̀, awọ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń fi ṣe jẹ́látìnì. Kò sí ẹni tó máa sọ ìyẹn fún yín níbẹ̀, torí wọn ò rò ó débẹ̀.

Ìyá Wúràọlá

Àṣé ẹlẹ́dẹ̀ lè wọ inú ohun dídùn! Ẹ ṣeun, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Ìbéèrè kan ṣì kù: adìyẹ wọn ńkọ́? Alhaja ti ń bi mí pé ta ló pa á.

Alfa Kékeré, Atlanta

Orúkọ tí wọ́n sọ mí níléèwé nìyí o, mi ò ka kéwú dé ibi tí màá ti dájọ́. Ní ilé tiwa, ẹja là ń mú níbi tí a ò bá mọ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Àwọn kan gbà pé ẹran tí àwọn Kìrìsìtẹ́ẹ́nì pa ṣeé jẹ, àwọn kan ò gbà. Ẹ bi Alhaja fúnra wọn, wọ́n á ti mọ èyí tí àwọn ń tọ̀.

Ohun tí mo mọ̀ dájú ni ọ̀rọ̀ epo. Ilé oúnjẹ kékeré lè máa dín ẹran ẹlẹ́dẹ̀, adìyẹ àti ẹja nínú epo kan náà. Àwọn kan ní ìkòkò epo ẹja lọ́tọ̀, torí wọn ò fẹ́ kí adìyẹ gbóòórùn ẹja. Ẹ béèrè bóyá ti ẹja dá wà. Tí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jẹ ilá díndín àti hushpuppies látinú rẹ̀ náà. Hushpuppies, ẹ má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ pa yín lẹ́rìn-ín níbẹ̀, ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n pò, tí wọ́n dín bí àkàrà ni. Àlùbọ́sà máa ń wà nínú rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá dé etíkun lápá Charleston, ẹ má fún Màmá ní ọbẹ̀ alákàn tí wọ́n ń pè ní she-crab. Ọtí sherry wà lára ohun tí wọ́n fi ń sè é.

Ìyá Ẹlẹ́kọ, Charlotte

Grits ni kẹ́ ẹ fún wọn tẹ́ ẹ bá débẹ̀ láàárọ̀. Àgbàdo tí wọ́n lọ̀ tí kò kúnná, tí wọ́n fi omi àti bọ́tà rò lórí iná. Kò kan bí ògì, ó sì ń họ lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mu ẹ̀kọ gbígbóná dàgbà máa mọ̀ pé ìbátan ni. Georgia fi ṣe oúnjẹ sísè ìpínlẹ̀ wọn ní 2002. Èyí tí edé wà lórí rẹ̀ dùn jù, ẹ kàn bi wọ́n bóyá bẹ́kìn wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀.

Kòńkò, Houston

Ẹ bu ṣúgà sí i, ẹ da mílíìkì lé e. Ẹ̀kọ rèé.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn, Birmingham

Ṣúgà nínú grits? Bọ̀dá Kòńkò, wọ́n á lé yín jáde nílùú. Iyọ̀ àti ata gígún ni.

Ìyá Ẹlẹ́kọ, Charlotte

Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀ gan-an ń jà lórí rẹ̀ títí dòní.

Bàbá Rock Hill

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń kà á bọ̀ láti àárọ̀. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìjókòó, kì í ṣe oúnjẹ.

1979 ni mo dé orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ̀rù máa ń bà mí nígbà náà láti wọ ilé oúnjẹ nínú ìlú kékeré lápá gúúsù. Kì í ṣe ìbẹ̀rù òmùgọ̀. Ní ìlú tí mò ń gbé yìí, ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní 1961, àwọn ọ̀dọ́ dúdú jókòó síbi tábìlì oúnjẹ ilé ìtajà McCrory's, níbi tí wọn kì í ti í gbé oúnjẹ fún èèyàn dúdú. Wọ́n mú wọn. Adájọ́ ní kí wọ́n san ọgọ́rùn-ún dọ́là tàbí kí wọ́n lọ ṣiṣẹ́ àṣekára fún ọgbọ̀n ọjọ́. Mẹ́sàn-án nínú wọn ní àwọn ò ní san kọ́bọ̀, wọ́n lọ wa ilẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Friendship Junior College, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè wọ́n ní Friendship Nine. Òfin tó ní kí ilé oúnjẹ gbogbo máa gbé oúnjẹ fún gbogbo èèyàn kò jáde títí di 1964, ilé ẹjọ́ kò sì pa ìdájọ́ tiwọn rẹ́ títí di 2015. Wọ́n ti fín orúkọ wọn sára àga tó wà níbi tábìlì yẹn. Mo ti mú àwọn ọmọ ọmọ mi lọ jókòó síbẹ̀.

Lónìí, tẹ́ ẹ bá wọlé, wọ́n á kí yín, gbogbo ilé lè yíjú wò yín. Ìlú kékeré ni, wọ́n mọ ara wọn, àlejò ni wọ́n ń wò. Ìró àti gèlè Alhaja náà tó wò. Ẹ kí wọn padà sókè. Kíkí ṣe pàtàkì lọ́dọ̀ wọn bíi tiwa. Ọmọdé ibẹ̀ máa ń fi "ma'am" àti "sir" sẹ́yìn ọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá jù ú lọ. Tẹ́ ẹ bá ti kọ́ àwọn ọmọ yín láti sọ "ẹ ṣé, mà," kò sí nǹkan tuntun tí wọ́n fẹ́ kọ́. Tẹ́ ẹ bá rí ìdílé tó tẹ orí ba kí wọ́n tó fọwọ́ kan oúnjẹ, Alhaja náà lè sọ Bísímílà tiwọn jáde lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó máa wò wọ́n bákan.

Sìsì Agbáwo, Georgia

Ẹ ṣé, Bàbá. Kí n fi kan kún un: agbáwo máa pe Alhaja ní "baby" tàbí "sugar." Kì í ṣe àrífín. Àwọn àgbà obìnrin ibẹ̀ ń pe gbogbo ayé bẹ́ẹ̀, títí kan gómìnà.

Ìyá Wúràọlá

Sugar! Ẹ jẹ́ kí n máa bá ìyẹn yí lọ́wọ́ fúnra mi.

Ọmọ Badagry, Savannah

Tẹ́ ẹ bá ti dé Ọ̀yọ́túnjí, ẹ má padà láìdé erékùṣù St. Helena, kò jìnnà. Ibẹ̀ ni Penn Center wà, iléèwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1862 fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú. Àwọn Gullah ló ń gbé erékùṣù náà, ọmọ àwọn tí wọ́n kó wá láti Áfíríkà gbin ìrẹsì àti òwú. Ọbẹ̀ ilá wọn máa yà yín lẹ́nu: edé, tòmátì, ilá, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìrẹsì funfun. Ẹ̀wà àti ìrẹsì tí wọ́n jọ ń sè papọ̀, Hoppin' John ni wọ́n ń pè é, wọ́n ń jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kìíní ọdún kí owó lè wọlé. Frogmore stew kò ní ọ̀pọ̀lọ́ nínú o, orúkọ àdúgbò ni: edé, àgbàdo tútù, ọ̀dùnkún àti sọ́séèjì. Ẹ ní kí wọ́n yọ sọ́séèjì.

Lẹ́bàá títì, ẹ ó rí àwọn tó gbé ìkòkò ńlá ka iná tí wọ́n kọ "boiled peanuts" sára páálí. Ẹ dúró. Ẹ̀pà bíbọ̀ ni, tòun tèèpo, bíi ti ilé gẹ́lẹ́.

Ìyá Wúràọlá, ọjọ́ kọkànlá

A ti dé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo jẹ yín ní àbọ̀.

Mo pe ilé oúnjẹ náà ní aago mẹ́wàá bí Sìsì ṣe ní kí n ṣe. Ẹni tó gbé fóònù ní kò sí ẹlẹ́dẹ̀ nínú collards wọn. Mo ní kí lẹ fi sè é? Ó dákẹ́. Ó ní "ó dáa, mà, ẹ dúró." Mo ń gbọ́ tó ń pariwo sí kíṣìnì. Ó padà wá, ó ní egungun ẹlẹ́dẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń yọ egungun náà kí wọ́n tó gbé e wá. Sìsì, Ọlọ́run á bá mi sọ ẹ́ di ọ̀gá, mo sì fi dọ́là 17 sórí tábìlì nítorí tìẹ.

Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ká wa mọ́ Virginia, aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú la wọlé. Wọ́n ti pa ilá díndín rẹ́. Agbáwo wa tó ọmọ ọgọ́ta ọdún, ó sún mọ́ Alhaja, ó ní "what you havin', baby?" Alhaja yíjú sí mi, wọ́n ní "kí ló pè mí?" Mo ní ó ní Màmá ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní ọmọ náà ní ẹ̀kọ́ ilé. Títí dòní mi ò tíì tún un ṣe.

Ìkòkò ẹja dá wà. Alhaja jẹ ẹja àrọ̀ méjì àti tòmátì tútù, wọn ò fẹnu kan kábéèjì nítorí ṣúgà tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní ẹja dáa ṣùgbọ́n ẹni tó dín in ò mọ ata. Ìgo ata oníkíkan wà lórí tábìlì, ata wẹ́wẹ́ nínú fínígà, ẹ̀fọ́ ni wọ́n fi ń jẹ. Wọ́n da ìdajì rẹ̀ sórí ẹja. Bàbá kan tó jókòó lẹ́yìn wa ń wò, ó sì gbé ìgo ti orí tábìlì tiwọn wá fún wọn. Àwọn àti bàbá náà wá ń bára wọn sọ̀rọ̀, Yorùbá lápá kan, Gẹ̀ẹ́sì lápá kejì, ó sì dà bíi pé wọ́n yé ara wọn.

Wúràọlá mu tíì oníṣúgà ife mẹ́ta kí n tó mọ̀. Kò sùn títí a fi dé Sheldon. Ọkọ mi jẹ hash. Ó ní òun ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo ní èmi náà ò mọ̀.

Ọ̀yọ́túnjí di ìtàn ọjọ́ mìíràn, ó pọ̀. Ẹ̀pà bíbọ̀ ni mo bá wá síbí. A rà á lẹ́bàá títì, àpò méjì. Alhaja jẹ àpò kan tán kí a tó dé orí I-95, wọ́n sì ń ju èèpo sínú mọ́tò tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ sí kúlà nínú rẹ̀. Ó ti tán báyìí. Ẹ̀pà tútù ò sí ní ọjà wa níbí. Ẹ̀gbọ́n Adé, ṣé wọ́n ń tà á lọ́nà míì? Wọ́n ń béèrè láràárọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Adé, Columbia

Ó wà nínú agolo, Àǹtí. Ẹ wá a síbi tí wọ́n ń to ẹ̀wà agolo sí. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀, ẹ da omi ẹ̀ nù, kẹ́ ẹ fi omi gbígbóná ṣàn án kẹ́ ẹ tó gbé e fún Màmá.